Gbọ́lágadé, Búlútúùtù àti Mọ́tò Tó Jẹ Ohùn Bàbá Akọrin

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọyì akọni! Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà kó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì ná, ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún kó pa á, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá lónìí kì í ṣe orúkọ tí à ń fi ẹnu dídí dá. Gbọ́lágadé ni mo fẹ́ kí! Gbọ́lágadé ọmọ Ọyáwálé, ọmọ afẹ́fẹ́ tí ń ṣí páànù orí ilé láì kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ọmọ bàbá tó fi ọwọ́ òsì nìkan tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lọ́nà oko, tí kẹ̀kẹ́ náà sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé kí ṣéènì rẹ̀ tó tún já. Ọmọ ìyá tó fi ṣíbí ìdáná ṣí agolo tọ̀mátò tí ọ̀bẹ gbogbo agboolé ti sá fún! Ìran tí kì í gbé ohun tó bàjẹ́ lọ fún alátùn-únṣe! Wọn a tú u palẹ̀ fúnra wọn, wọn a tò ó padà, nọ́ọ̀tì kan tàbí méjì a ṣẹ́ kù sórí ẹní, wọn a fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga, wọn a sì ní àwọn Òyìnbó tó ṣe é ló fi àṣejù kún un.

Ẹni tó bá pàdé akọni yìí lójú títì n'Íkìrun lè rò pé ọkùnrin lásán ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ, òwú dúdú ló sì fi so apá awò ojú rẹ̀ tó kán. Ẹ má wo ìyẹn. Ẹ wo ohun tó dúró sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé rẹ̀. Adúmáadán lorúkọ tí wọ́n ń pè é: mọ́tò dúdú, àgbà mọ́tò, mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó bá mọ ibi tí yóò ti fi ìdí gbá a. Adúmáadán tí kì í sáré, nítorí kò sí ẹni tó ń lé e! Adúmáadán tó ti kó ìyàwó, tó ti kó òkú, tó ti kó iṣu, tí ó sì gbé gbogbo wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ!

Gbọ́lágadé kọ́ ló rà á. Bàbá Morádékẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni, Èsékíẹ́lì Fátókun, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Akọrin, ọ̀gá àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá gbé orin, gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n, àwọn àdán inú àjà á sì kó ẹrù wọn jáde. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó pe Gbọ́lágadé sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi kọ́kọ́rọ́ Adúmáadán sí i lọ́wọ́, ó ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Lọ́jọ́ Ìkórè, òun ni kó o máa fi gbé Ìyá Morádékẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì." Gbọ́lágadé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbà. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, ọdọọdún ló ń wa Adúmáadán lọ sí Òkukù, níbi tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń gbé, láti gbé e wá sí Ìkórè n'Íkìrun.

Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ lọ́nà, kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n máa ń gbọ́, èyí tí wọ́n gba ohùn Bàbá Akọrin sí níbi tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ní orin ìkórè. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ óò gbọ́ tí bàbá náà wúkọ́, tó wá pariwo pé, "Ìyá Morádékẹ́! Ìwọ là ń dúró dè o! Máa bọ̀!" nítorí ìyàwó rẹ̀ wà nínú àwọn akọrin, kò sì sí ọjọ́ tí kì í pẹ́ nídìí gèlè. Gbogbo akọrin á bú sẹ́rìn-ín, orin á wá gbéra. Ibẹ̀ ni ìyá náà fẹ́ràn jù. Á ní kí wọ́n dá a padà, á tún ní kí wọ́n dá a padà, títí wọn yóò fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Àfi lọ́dún tó kọjá, tí rédíò Adúmáadán jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò l'Ókukù ni ohùn Bàbá Akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń yán, ó lọ́, ó tún lọ́, ó sì dákẹ́. Gbọ́lágadé fa téèpù, téèpù ń bọ̀ gbọọrọ gbọọrọ bí ìfun ewúrẹ́, títí ó fi já mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ìyókù sì há sínú rédíò. Ìyá àgbà ní kí wọ́n dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti léèsì àti bàtà gogoro, ó dá ọ̀kadà kan dúró, ó wá yíjú padà sí wọn.

"Mọ́tò tó jẹ ohùn ọkọ mi," ló wí, "mi ò ní jókòó sínú rẹ̀ mọ́ láyé mi."

Orí ọ̀kadà ló bá lọ sí Ìkórè, gèlè ń fẹ́ lẹ́lẹ́, Gbọ́lágadé sì ń wa Adúmáadán tẹ̀ lé e lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sin òkú lọ sí itẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dun akọni wọra. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ wá di ohun tí kò lè wò lẹ́ẹ̀mejì láìsí pé ojú ń tì í. Bí Ìkórè ọdún yìí sì ti ń sún mọ́lé, ìròyìn mìíràn tún dé láti Òkukù. Ẹnjiníà Akínsànmí, ọkọ àbúrò Morádékẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìdílé lánàá òde yìí, ní òun yóò wá láti Ìbàdàn wá gbé Màmá nínú jíìpù òun, jíìpù tí orin ń ti inú fóònù jáde nínú rẹ̀ láìsí wáyà, láìsí kásẹ́ẹ̀tì. Màmá sì ti gbà. Ó ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé jíìpù tí kì í jẹun lòun fẹ́ wọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣì wà. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin àtijọ́ ti da ohùn Bàbá Akọrin sínú fóònù tipẹ́tipẹ́, kí kásẹ́ẹ̀tì tó kàgbákò. Ó fi ránṣẹ́ sí Morádékẹ́ lórí Wásáàpù, Morádékẹ́ gbọ́ ọ, ó sunkún, ó sì tẹ ìyá rẹ̀ láago, ó gbé fóònù kan sẹ́nu fóònù kejì kí ìyá náà lè gbọ́. Ìyá àgbà gbọ́ díẹ̀, ó bínú. "Ẹ gbé eṣinṣin yẹn kúrò létí mi!" ló wí. "Ṣé Bàbá Morádékẹ́ lẹ wá dé mọ́ inú páálí ìṣáná báyìí? Ohùn tó ń mi gíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì!" Ó pa fóònù.

Gbọ́lágadé jókòó síbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dìde láì jẹ iyán tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èyí sílẹ̀ nínú ìtàn: akọni fi iyán sílẹ̀! Ó ti yé e pé ohùn náà ní láti ti inú sípíkà Adúmáadán jáde, kó tóbi bó ṣe máa ń tóbi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyá ìyàwó òun kò ní fojú kan mọ́tò náà mọ́. Morádékẹ́ ní kí wọ́n yọ rédíò ògbólógbòó yẹn, kí wọ́n fi tuntun sí i. Gbọ́lágadé fèsì pé rédíò náà kò ṣeé yọ, torí nígbà tí ohun tí wọ́n fi ń yí i sọnù, Bàbá Akọrin ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ bọ́tìnnì agbádá kan mọ́ ọn dípò rẹ̀. Òótọ́ ni. Bọ́tìnnì náà wà níbẹ̀ dòní, ó ń dán, kò sì ṣeé yí kúrò lórí iléeṣẹ́ rédíò kan l'Óṣogbo tí Bàbá Akọrin fi í sí.

Báyìí ni Gbọ́lágadé ṣe gbéra lọ sí Òṣogbo, tó wọ ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan èlò mọ́tò, tó sì mú ohun ìjà kan bọ̀ wálé nínú ọ̀rá dúdú. Módúlétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò ju àtàǹpàkò àgbẹ̀ lọ. Wọ́n á kì í bọ inú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò, búlútúùtù inú rẹ̀ á gba orin lọ́wọ́ fóònù lójú afẹ́fẹ́, á sì tún tì í jáde sórí nọ́ńbà rédíò èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn fún un, rédíò mọ́tò á wá gbé e bí ẹni pé iléeṣẹ́ rédíò ló ń sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́! Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń padà sí ìdílé Ọyáwálé? Ta ni wọ́n ì bá tún gbé ogun afẹ́fẹ́ fún, bí kò ṣe ọmọ afẹ́fẹ́?

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan. Akọni bọ́ agbádá, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó wólẹ̀ sínú Adúmáadán, orí rẹ̀ wà lábẹ́ síárìn-ín, ìdí rẹ̀ wà níta fún gbogbo Ìkìrun láti kí, ẹnu rẹ̀ gé tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì gbé ohun ìjà rẹ̀ dojú kọ ihò ìtànná sìgá. Ihò kọ̀! Módúlétọ̀ wọlé dé ìdajì, ó dúró. Ó tì í, ó yí i, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u. Ó yọ ọ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò náà, ó sì rí ọ̀tá tó ba sínú rẹ̀. Súìtì ni! Bàbá Akọrin tí í máa lá súìtì míńtì kí ohùn rẹ̀ lè já gaara kò fi ibòmíràn pa súìtì mọ́ àfi inú ihò yìí, oòrùn ọdún pípẹ́ sì ti yọ́ gbogbo wọn pọ̀ di òkúta kan, funfun, aláìgbọ́ràn, olórí-kunkun, tó jókòó síbẹ̀ bíi baálẹ̀ tí wọn kò lè rọ̀ lóyè.

Ó kígbe pé kí wọ́n fún òun ní píìnì irun Morádékẹ́. Wọ́n fún un. Háà, ẹ wá wo ọkùnrin! Ó ha, súìtì ń fò! Ó gún un, súìtì ń ké rẹ́rẹ́! Òógùn ń ṣàn bọ̀ láti orí dé ìgbáròkó, èèrà tó ti ń gbé inú kòtò náà láti ìran bàbá wọn ń kó jáde bí ìlú tí ogun kó, ó ń gbọ̀n wọ́n dànù lápá, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ní kó pa mọ́tò kó tó ki irin bọ ibi tí iná wà, ó ní ìran òun kì í pa mọ́tò. Píìnì kan ìsàlẹ̀. Iná ṣẹ́ yànrìn! Họ́ọ̀nù Adúmáadán fúnra rẹ̀ ké pàá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, adìyẹ fò, ewúrẹ́ fò, akọni gbá orí mọ́ síárìn-ín, fíùsì ihò náà sì jó. Ṣùgbọ́n súìtì ti tú tán. Ó yọ ọ́ jáde, ó gbé e sókè lójú oòrùn, ó sì fi sápò gẹ́gẹ́ bí olórí-ogun tí ń kó ìkógun.

Fíùsì wá di ọ̀rọ̀. Kò sí òmíràn nílé. Akọni ṣí ibi tí fíùsì wà, ó wo gbogbo wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yan ti họ́ọ̀nù. Ẹ bá mi kí họ́ọ̀nù Adúmáadán, ẹ̀yin èèyàn mi! Họ́ọ̀nù tó lé màlúù, tó lé àgbò, tó lé awakọ̀ tírélà kúrò lójú ọ̀nà, ó jọ̀wọ́ iná ara rẹ̀ kí orin lè rọ́nà gbà. Láti ọjọ́ náà, Adúmáadán kò tún lè ké mọ́. Bí èèyàn bá dúró níwájú rẹ̀, Gbọ́lágadé ní láti yọrí jáde kó sì bẹ̀ wọ́n.

Ó ki módúlétọ̀ bọ ihò. Iná àwọ̀ aró tàn lójú rẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní èdè Òyìnbó pé òun ti ṣe tán, kí wọ́n mú fóònù wá. Ó bí Gbọ́lágadé nínú díẹ̀ pé ọmọbìnrin náà kò kí òun káàárọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà fojú fò ó. Ó gbé fóònù, ó wá búlútúùtù, ó rí orúkọ ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n so pọ̀! Níwọ̀n bí bọ́tìnnì Bàbá Akọrin kò sì ti ṣeé yí kúrò lórí iléeṣẹ́ rédíò Òṣogbo yẹn, nọ́ńbà iléeṣẹ́ náà gan-an ni Gbọ́lágadé tẹ̀ sójú módúlétọ̀. Ó tẹ Wásáàpù láti wá orin, kò sì mọ̀ pé ìka òun ti kan ohùn tí ìyàwó òun fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Lódìkejì gọ́tà, Múfútáù agẹrun ń gẹ orí oníbàárà kan, rédíò rẹ̀ ń sọ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ti ń dé ojú ilé. Rédíò náà ṣe ṣàà, ohùn Morádékẹ́ sì jáde nínú rẹ̀ ketekete, tó ń fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀: "Bàbá Ìtùnú, ẹ ti tún gbàgbé ata! Mo ní kí ẹ ra ata, ẹ wá lọ ra bọ́ọ̀lì. Ṣé bọ́ọ̀lì la fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?" Ẹ̀rọ ìgẹrun yọ̀ lọ́wọ́ Múfútáù, ó sì la ọ̀nà tààrà gba àárín orí oníbàárà kọjá. Ó jáde, ó fo gọ́tà, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adúmáadán, ó ń wo akọni.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ìyàwó yín ń bá yín wí nínú rédíò mi."

Ojú ti Gbọ́lágadé, ó bẹ̀ ẹ́, ó pa ohùn náà. Bọ́ọ̀lù padà sínú rédíò agẹrun. Akọni sì rí i nígbà náà pé rédíò tó bá wà nítòsí, tó sì wà lórí iléeṣẹ́ kan náà, yóò gbọ́ ohun tí Adúmáadán ń gbọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ ra ata.

Ọjọ́ Ìkórè mọ́. Gbọ́lágadé fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ àtijọ́ nu Adúmáadán títí ara rẹ̀ fi ń kọ mànà, òun àti Morádékẹ́ gbéra lọ sí Òkukù láti òwúrọ̀ kùtù, kí jíìpù tó dé láti Ìbàdàn. Wọ́n dé iwájú ilé Màmá. Kò sí họ́ọ̀nù tí wọn yóò tẹ̀. Morádékẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn yàrá. Rédíò ń pariwo nínú ibẹ̀.

"Màmá, àwa la dé o."

"Ta ni àwa?" ni ìyá àgbà dáhùn. "Bó bá jẹ́ ti jíìpù, mò ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ti ajẹkásẹ́ẹ̀tì, ẹ kú ilé o, a óò pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Màmá, ẹ dákun, Bàbá Ìtùnú ti tún rédíò ṣe."

"Kó máa gbádùn ẹ̀. Mò ń wé gèlè."

Morádékẹ́ padà wá, omi ti lé sí i lójú. Gbọ́lágadé dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́ tí àna rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ó ń ro bí yóò ti ṣe wo ibojì ọkùnrin náà lójú, bí wọ́n bá tún ti ibẹ̀ kọjá. Ibi tó ti ń rò ó ni etí rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí rédíò yàrá náà ń sọ. Ìkéde òkú ni wọ́n ń kà. Iléeṣẹ́ rédíò Òṣogbo ni! Iléeṣẹ́ tí Bàbá Akọrin fẹ́ràn, tí opó rẹ̀ kò tíì yí rédíò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kú!

Ọmọ afẹ́fẹ́ gbéra! Ó wọ Adúmáadán, ó tàn án, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó rọra wà á gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó tẹ ewédú Màmá mọ́lẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn, títí imú mọ́tò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé yàrá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu fún ẹ̀yẹ. Ó rò pé Màmá yóò gbọ́ orin aládùn, inú rẹ̀ yóò sì yọ́. Ìyẹn nìkan ló rò. Ó gbàgbé pátápátá bí kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ fóònù.

Nínú yàrá, akéde ń kà á lọ pé, "…ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Àìsùn òkú yóò wáyé ní…" Rédíò ṣe ṣàà. Ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn òkú ọkọ rẹ̀ kún yàrá láti ilẹ̀ dé àjà.

"Ìyá Morádékẹ́! Ìwọ là ń dúró dè o! Máa bọ̀!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ òkú nípè. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ti ń dá ọkùnrin yìí lóhùn láti ìgbà ọmọge, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró gbàṣẹ.

"Ẹ má dúró dè mí o!" ló kígbe. "Mi ò wá! Mò ń wé gèlè mi lọ́wọ́!"

Gbogbo akọrin sì bú sẹ́rìn-ín nínú rédíò.

"Ẹ tún ń fi mí rẹ́rìn-ín!"

Àga wó. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá àgbà jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, apá kan gèlè wà lórí, apá kejì ń wọ́ tuuru nílẹ̀, ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó kọjá lára àna rẹ̀ tó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀, ó bẹ́ sínú rẹ̀, ó sì tì í mọ́ra gbàgà.

"Bàbá Ìtùnú, wa mọ́tò!" ló wí. "Wà á kíá! Bàbá yín ti wá mú mi!"

Ó ti jókòó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ti jókòó sínú Adúmáadán! Orin sì gbéra láti inú gbogbo sípíkà mọ́tò, ohùn Bàbá Akọrin ní kíkún, bó ti rí nígbà ayé rẹ̀, tí gíláàsì fèrèsé Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Ìyá àgbà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó wo rédíò. Ó rí bọ́tìnnì agbádá náà, ó nawọ́, ó fi ìka kàn án. Morádékẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Màmá, ẹ má bẹ̀rù. Fóònù ni. Búlútúùtù ni wọ́n ń pè é."

Ìyá àgbà gbọ́ orin náà dé ìparí, omijé ń bọ́ sórí léèsì rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó tán, ó yíjú sí àna rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ sórí ewédú.

"Bàbá Ìtùnú."

"Màmá."

"Ìwọ lo fẹ́ pa mí yìí?"

"Ẹ máà bínú, Màmá. Orin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́."

"Nígbà tó pè mí, kí ni mo sọ? Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo ní mò ń bọ̀?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ ní ẹ ò wá."

"O gbọ́ ọ dájú?"

"Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ, Màmá."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà mì í títí gèlè fi tú kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. "Dìde nílẹ̀," ló wí, "kó o lọ gbé bàtà mi kejì wá. Ṣé ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ ilé la fẹ́ dé Ìkórè ni?"

Bí wọ́n ti ń jáde ni jíìpù Ẹnjiníà Akínsànmí ń wọlé, ó ń dán, ó tutù, orin ń jáde nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹnjiníà sọ gíláàsì kalẹ̀, ó la ẹnu. Ìyá àgbà nawọ́ sí i láti inú Adúmáadán.

"Ọmọ mi, o káre o," ló wí. "Máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Bó o bá ní họ́ọ̀nù, máa bá wa tẹ̀ ẹ́, tiwa ti kú."

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ Ìkìrun! Adúmáadán ń lọ níwájú bí ọba, jíìpù Ìbàdàn ń tẹ̀ lé e bí ẹ̀ṣọ́, ó ń ké pàá-pàá-pàá láti lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà fún un, Gbọ́lágadé sì jókòó sídìí síárìn-ín, ikùn rẹ̀ wú, òkúta súìtì wà lápò rẹ̀. Ìyá Morádékẹ́ yí dígí mọ́tò sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń wé gèlè.

"Dá a padà síbi tó ti pè mí," ló wí.

Gbọ́lágadé dá a padà. Ọkọ rẹ̀ pè é. Ó fa etí gèlè kan, ó wò ó nínú dígí, ó tú u.

"Mò ń wé e lọ́wọ́," ló dá a lóhùn. "Gèlè náà gùn, Bàbá Morádékẹ́. Ẹ máa kọrin yín lọ."

Ó ní kí wọ́n tún dá a padà.

Nítorí náà mo kéde fún gbogbo ẹni tó ní etí, fún àwọn tó ń wa mọ́tò àti àwọn tó ń tì í, fún Múfútáù agẹrun àti oníbàárà rẹ̀ tí orí rẹ̀ la sí méjì, fún gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó há àti gbogbo họ́ọ̀nù tó dákẹ́: Gbọ́lágadé ọmọ Ọyáwálé ti mú afẹ́fẹ́, ó ti so ó mọ́ ihò ìtànná sìgá, kò sì lo wáyà! Kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ojú títì. Kí wọ́n bá a gbin ewédú Màmá padà. Kí ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà bá mi jíṣẹ́ fún Bàbá Akọrin níbi tó wà, pé ọmọ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ti gbé Ìyá Morádékẹ́ dé Ìkórè, pé kí wọ́n má dúró dè é rárá, torí gèlè rẹ̀ kò tíì wé tán.